Eṣinṣin Tí Kò Jẹ́ Kí N Dáhùn

Labalábá ṣeé yà ní fọ́tò. Ìgbín ṣeé yà, kódà á dúró dè ọ́ títí wàá fi wá gíláàsì ojú rẹ rí. Aláǹgbá á mi orí, á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á sì jẹ́ kí o ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kékeré tó ń gbé orí ewúro mi lẹ́yìnkùlé wa ní Pearland, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ọ̀tá ọmọ aráyé ni, mi ò sì ní fi bò.

Kò ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Ara rẹ̀ ń dán bíi páànù tuntun, àwọ̀ ewé tó ní wúrà díẹ̀ nínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga nílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun láṣọ. Inú oòrùn àárọ̀ ló fẹ́ràn. Á sáré díẹ̀ sọ́tùn-ún, á sáré díẹ̀ sósì, á wá dúró. Bó bá ti dúró, ìwọ náà á fa èémí sínú, o ò ní jẹ́ kó jáde. Wàá sún kámẹ́rà mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, wàá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí o bá wá wo ohun tí o yà, ewé ewúro ni wàá rí. Ewé ewúro tó mọ́ kedere, tí gbogbo iṣan ara rẹ̀ yọ, láìsí eṣinṣin kankan lórí rẹ̀. Iná fìláàṣì ò tíì tàn tán tó ti lọ. Fọ́tò ewé ewúro tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, bí mo bá fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ewúro, kò ní tán bọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé kí n ṣáà dúró jẹ́jẹ́ ni, kó wá dúró jẹ́jẹ́ ní Houston nínú oṣù kẹfà. Àárọ̀ kùtù lásán, ẹ̀wù á ti lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹ̀fọn á máa jẹ ọ́ létí. Àwọn èèrà pupa wa níbí kì í sì í ṣe èèrà tí èèyàn ń gbọ̀n dànù lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ gùn ọ́ dé orókún láìsọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn tó wá ta ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí ikùn ni mo sì máa ń dùbúlẹ̀ sí, nítorí pé bí mo bá dúró, òjìji mi á kan ewé, bí òjìji bá sì ti kan ewé, ó parí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan ní Medical Center. Ọ̀sán ni mo máa ń wọṣẹ́, nítorí náà tèmi ni àárọ̀. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé ewúro mi níhòníhò. Mo bá eṣinṣin yìí lórí rẹ̀, mo yà á, ojú ẹ̀ ò hàn dáadáa, mo sì gbé e sí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn dá kòkòrò mọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá mi sọ orúkọ ọ̀daràn yìí. Kí n tó wẹ̀ tán, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ti fèsì. Ó ní kì í ṣe ọ̀daràn. Ó ní àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ewé yẹn gan-an ni eṣinṣin náà ń pa jẹ, ó ń ṣọ́ ewúro fún mi ni. Ojú tì mí díẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ní kí wá ni orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ, irú wọn pọ̀, wọ́n jọra ju ìbejì lọ, àfi kí òun rí ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ iwájú.

Láti ọjọ́ náà, fọ́tò yòówù tí mo bá gbé síbẹ̀, èsì kan náà ni. Mo ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dára, ojú rẹ̀ ńkọ́? Mo ya ìyẹ́ rẹ̀, ó hàn débi pé èèyàn lè ka iṣan tó wà nínú rẹ̀. Ó dára gan-an, ojú rẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá mọ ilé onítọ̀hún, ǹ bá ti lọ bi í léèrè bóyá eṣinṣin tirẹ̀ máa ń jókòó bí ẹni tó wá ya páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn lórí ìkànnì kan náà pé kí n mú un sínú ìgò, kí n gbé e sí fíríìjì fún ìgbà díẹ̀, òtútù á jẹ́ kó dúró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ló ṣí fíríìjì, ó sì rí eṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Mi ò ní tún ohun tó sọ sọ níbí. Ìgò náà ò wọ ilé mọ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn kí Mọ́mì tó wá sọ́dọ̀ wa. Mọ́mì ni ìyá ìyàwó mi.

Nígbà tí bàbá ìyàwó mi kú ní Ìkirè, ó wá ku Mọ́mì nìkan nínú ilé, àwọn àti ewúrẹ́ aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń gbé ní League City nítòsí wa, ló mú wọn wá sí Amẹ́ríkà. Ilé rẹ̀ dára, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì burú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fi nǹkan dí etí. Mọ́mì á kọjá ní pálọ̀, wọn á ní, "Ẹ kú ìjókòó o," ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Wọn á dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí ọmọ wọn ti ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, wọn á ní, "Ẹ kú iṣẹ́," òun á na ìka kan sókè láìwẹ̀yìn. Wọ́n fara dà á títí. Lọ́jọ́ kan wọ́n di báàgì, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ń padà sí Ìkirè.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó mi wa mọ́tò lọ bá wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mọ́mì ti ń ga, dókítà sì ti sọ pé kí wọ́n má dá gbé mọ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó wọ mọ́tò pé ilé tí àwọn bá ti kí èèyàn, tí ẹni náà ò dáhùn, àwọn ò ní sùn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n ń wẹ̀, ìyàwó mi fà mí wọ yàrá, ó di ọwọ́ mi mú.

"Please, mo bẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ohunkóhun tí o bá ń ṣe, ṣáà dá Mọ́mì lóhùn. If they go back to that house lọ dá gbé, mi ò ní lè sùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá ni mí, kí ló wà nínú ìkíni? Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wò ó, mo mọ ìkíni, ṣùgbọ́n ti Mọ́mì kọjá àfẹnusọ. Bí mo bá ń fọ mọ́tò, wọ́n kí mi. Bí mo bá ń jẹun, wọ́n kí mi. Bí mo bá dìde nínú oúnjẹ lọ bu omi, tí mo padà jókòó, wọ́n á tún kí mi. Mo dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, mò ń wo ojú ọjọ́ lásán, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrònú o, àna mi." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí, àna mi, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Bí ohùn tí mo fi dáhùn bá fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tún un kí, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọn kì í kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ ohùn mi dáadáa.

Nínú ilé, mo lè fara da èyí. Ẹ̀yìnkùlé ni kò ti ṣeé ṣe. Mọ́mì kì í da omi nù. Omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, omi tí wọ́n fi bó ẹ̀wà, inú bàsíà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì gbé e jáde láràárọ̀ wá dà á sí ìdí ewúro. Láràárọ̀ ni èmi náà sì ń bẹ nídìí ewúro. Màá ti dùbúlẹ̀, eṣinṣin á ti dé, màá ti fa èémí sínú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á dún. "Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi." Kì í ṣe ìkíni Mọ́mì ló ń lé eṣinṣin náà o. Bó ti wù kí wọ́n kí mi sókè tó, kò kàn án. Ìdáhùn mi ni. Bí mo bá ti ní, "Ẹ ṣé, mà," èémí á jáde, àgbọ̀n mi á mì, kámẹ́rà á mì, ó ti tán.

Mo gbìyànjú kí n máa fi imú dáhùn. Wọ́n tún mi kí. Mo gbìyànjú kí n jí ṣáájú wọn. Ta ló ń jí ṣáájú ìyá arúgbó? Mo wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, mo ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé eṣinṣin tí mò ń yà máa ń sá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń lé e kiri láti àárọ̀, ṣé kò ní sá ni? Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé àwo tíì kan wá bá mi lórí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú àwọn eṣinṣin náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ bá mi pa á, kí n lè yà á ní ìrọ̀rùn. Mo dúpẹ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo yà á, mo gbé e sí ìkànnì. Onítọ̀hún fèsì pé ó ṣeni láàánú, ojú rẹ̀ ti fọ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ni ọjọ́ tí mo dùbúlẹ̀ tí mo kọjú sí ilẹ̀kùn. Mọ́mì ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá mi lórí ikùn níwájú wọn gan-an. Wọ́n rò pé mo ti wá dọ̀bálẹ̀ kí wọn ni. Àna rere, níta, nínú ìrì. Orí wọn wú. Wọ́n gbé bàsíà sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Wọ́n gbàdúrà fún iṣẹ́ mi, wọ́n gbàdúrà fún ọ̀nà freeway tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọ̀tá mi pé kí ojú tì wọ́n. Èmi ń ṣe àmín láti ilẹ̀. Ọ̀tá mi gangan sì wà lórí ewé níwájú mi, àmín kìíní ló bá lọ. Mi ò lè dìde kí wọ́n tó parí, nítorí báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe àwọn ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, eṣinṣin ni?

Lẹ́yìn òjò kan tó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo rí eṣinṣin kan tó yàtọ̀. Ìlà dúdú méjì dábùú ìyẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú sì funfun ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí yà. Ẹni orí ìkànnì náà, tí kì í kọ ju ìlà kan lọ, kọ odidi lẹ́tà sí mi. Ó ní bó bá jẹ́ èyí tí òun rò ni, òun ò tíì rí ẹni tó ya irú rẹ̀ láti agbègbè wa. Ó ní òun bẹ̀ mí, ojú rẹ̀. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọn ò tíì bẹ̀ mí pé kí n bá wọn ṣe ohun kan tí ẹlòmíì ò lè ṣe.

Ó gbà mí ní àárọ̀ púpọ̀ kí n tó tún un rí. Ọjọ́ tí mo máa rí i, ó wá fúnra rẹ̀, ó bà sórí ewé tó sún mọ́ mi jù lọ. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Ó sáré díẹ̀, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Mo ti ń rí etí ojú rẹ̀ kan, ó pupa, ó tún ń dán bí ewé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi."

Mo gbọ́. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n máa tún un kí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ìgbà tí wọ́n bá fi máa tún un kí, eṣinṣin á ti yí tán, màá ti tẹ̀ ẹ́, màá sì wá dáhùn sókè kí inú wọn lè dùn. Ìṣẹ́jú akàn ni mo ń tọrọ.

"Àna mi?"

Ohùn wọn ti yí padà, ṣùgbọ́n mi ò fi ọkàn sí i. Ó ku díẹ̀. Mo gbọ́ tí sílípáàsì wọn ń sáré bọ̀ lórí kọnkéré. Lẹ́yìn náà, odidi bàsíà omi ẹ̀wà ni wọ́n dà lé mi lórí, àti èmi, àti kámẹ́rà, àti ewúro.

Mo fò sókè. Èèpo ẹ̀wà ti wọ̀ mí létí, omi ń kán nínú lẹ́ńsì. Gbogbo ẹ̀fọn tó ti jẹ mí lọ́dún yẹn àti gbogbo "Ojú rẹ̀ ńkọ́?" ló jọ bọ́ sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo mọ́ ìyá ìyàwó mi. Mo ní kí ló dé gan-an, ṣé wọn ò lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni? Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàsíà òfìfo. Wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé ìbínú ni. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé.

Kí n tó nu kámẹ́rà tán, ìyàwó mi ti sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó ní Mọ́mì ti gbé báàgì jáde.

"O pariwo mọ́ Mọ́mì," ó ní. "Because of a fly."

Mo ní omi ẹ̀wà ni wọ́n dà sí mi lórí. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kámẹ́rà mi ti bàjẹ́. Ó ní òun gbọ́ ìyẹn náà, kí n gòkè lọ bá ìyá òun. Èmi àti kámẹ́rà, a ti mu omi ẹ̀wà yó, kò sì sẹ́ni tó bi wá pé báwo ni. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn, inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò gòkè lọ pẹ̀lú ọkàn rírọ̀.

Mọ́mì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká ìró wọn, wọ́n ń tò ó sínú báàgì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí wọ́n máà bínú. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n ká ìró kan tán, wọ́n mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkirè ni bàbá wà lọ́jọ́ náà," wọ́n ní. "Ó ní òun ń lọ ro ìdí ọsàn. Ìgbà tí mo jáde, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó dojú bolẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Kò dáhùn. A ti ṣe gbólóhùn asọ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀. Mo ní ṣé bó ṣe fẹ́ bínú tó nìyẹn? Kó máa bínú lọ. Mo bá tèmi lọ. Mo lọ gbé ẹ̀wà kaná."

Wọ́n fi ọwọ́ nu ìró tó wà lórí itan wọn, bẹ́ẹ̀ ìró náà ò hunjọ.

"Ẹ̀wà yẹn jinná," wọ́n ní. "Mo bù ú, mo gbé e lọ fún un. Àna mi, bóyá ká ní mi ò kọjá lọ ni. Lónìí, nígbà tí ẹ ò dáhùn, mo ní mi ò ní kọjá."

Ìbínú tí mo gbé gòkè, mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Mo dojú bolẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mi ò lè gbé orí sókè, èèpo ẹ̀wà sì ń bọ́ láti irun mi. Gbogbo "ẹ kú ìjókòó", gbogbo "ẹ kú ìrònú" tó ti sú mi, mo ń gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ ò kọjá." Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ fọ orí mi, omi ẹ̀wà máa ń rùn bó bá pẹ́ lára.

Wọn ò lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn ò tú báàgì náà. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn tó wà lókè, lórí àtẹ̀gùn, níbi tí gbogbo wa ti ń rí i bí a bá ń kọjá. Ìyàwó mi á wò ó, á sì wò mí. Mo ri kámẹ́rà mọ́ inú ike ìrẹsì, bí a ṣe máa ń ṣe fún fóònù tó bá bọ́ sómi, ó sì jí, àmọ́ bọ́tìnì rẹ̀ kan ń le títí dòní. Mo padà sídìí ewúro. Mọ́mì ń jáde, wọ́n ń kí mi, mò ń dáhùn sókè ketekete, eṣinṣin ń lọ. Onítọ̀hún kọ̀wé láti orí ìkànnì, ó ní òun ṣì ń retí. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó wá gbé ní Pearland kó sì fẹ́ ọmọ Mọ́mì. Mo kàn kọ ọ́ pé, Kò tíì ṣeé ṣe.

Àárọ̀ kan, nígbà tí ooru ti ń dínkù, mo dùbúlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Eléyìí onídúdú-méjì-lórí-ìyẹ́ wá. Ó bà sórí ewé. Mo yà á láti ẹ̀gbẹ́, kò lọ. Mo tún yà á, kò lọ. Ó sáré, ó dúró, ó gbá ẹsẹ̀ iwájú pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí tán. Ó kọjú sí mi gbáko, ojú pupa méjèèjì, iwájú orí funfun, ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ kedere, ó dúró bí ẹni tó wá ya páásípọ́ọ̀tù lóòótọ́. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ibi gbogbo dákẹ́. Oòrùn ti kúrò lórí fẹ́ńsì, ó ti dé orí koríko. Ilẹ̀kùn ò tíì dún. Kò sẹ́ni tó ti kí mi láti àárọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ju kámẹ́rà sílẹ̀ nínú koríko, mo sáré wọlé, mo gun àtẹ̀gùn. Báàgì ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́. Yàrá wọn ṣófo, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ̀kalẹ̀, mò ń pe Mọ́mì, Mọ́mì. Inú kíṣìnì ni mo ti bá wọn. Wọ́n jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, bàsíà wà lórí itan wọn, omi ẹ̀wà ṣì kún inú rẹ̀.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìjókòó."

Wọn ò dáhùn. Wọ́n fún ẹnu pọ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lé mi padà síta. Mo tún kí wọn. Wọ́n wá rí ojú mi.

"Kí lẹ wá ṣe nínú ilé?" wọ́n ní. "Ó ti kọjú sí yín tán. Mo rí bí ẹ ṣe dákẹ́. Mo ní kí n máà kí yín lónìí, kẹ́ ẹ lè rí i yà."

"Báàgì yín ńkọ́, mà?"

"Mo ti gbé e padà sórí wọ́dúróòbù láti àná. Ṣé ẹ rí ojú ẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ yà á?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

Mo di etí síńkì mú, mò ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Inú bí mi sí wọn, ó bí mi sí eṣinṣin, ó bí mi sí orókún mi tó ń ro mí.

"Ẹ ò kí mi," mo ní.

Mọ́mì dìde, wọ́n gbé bàsíà wọn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n sì dúró títí mo fi kọjá níwájú wọn lọ sídìí ewúro. Kò sí nǹkan kan lórí ewé mọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi."

"Ẹ ṣé, mà," mo ní.